Kóòṣì Tó Ta Àbúrò Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín, ẹ rín in nísinsìnyí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ eré. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rín náà á kan lẹ́nu yín.

Kò jalè. Kò gba aya aláya. Géèmù ló ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí èèyàn fi ń ṣe kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù: yóò yan ẹni tí yóò wọ pápá, yóò ra ọ̀kan, yóò ta ọ̀kan, yóò wá káwọ́ gbera máa retí èsì.

Géèmù yìí ló lé àbúrò ìyá rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Títí di òní, kò mọ bí òun yóò ṣe tún un ṣe. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bo òun láṣìírí, bí mi ò bá ti dárúkọ òun. Mo ti kọ ọ́. Ibi tí inú bá ti bí mi, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ bí a ṣe ń kọ irú èyí pẹ̀lú inú dídùn.

Ilé ìtẹ̀wé kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ iṣẹ́ sí ni wọ́n ń tẹ̀ jù, bí ọdún bá sì ń parí lọ, wọn a tẹ kàlẹ́ńdà. Ọmọkùnrin náà kàwé gboyè. Nígbà tí kò ríṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ìwé oyè náà di ohun tí wọ́n fi ń bo ibi tí ọ̀dà ti ṣí lára ògiri. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló fún un ní yàrá nílé rẹ̀, òun náà ló mú un lọ síbi iṣẹ́, tó sọ fún ọ̀gá pé, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Bó bá ṣẹ̀ yín lọ́nàkọnà, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Ọkùnrin yìí ló ń gé ìwé. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń dúró tì, èyí tí abẹ rẹ̀ ń já bọ́ sórí òkìtì ìwé, tí ìwé náà á pín sí méjì láìjanpata. Nítorí abẹ yìí ni gbogbo wọn ṣe ń pè é ní Ọ̀bẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá.

Iṣẹ́ ti ọmọkùnrin náà ni kó máa to ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni géèmù náà wà. Bí wọ́n bá ti pa àwọn ẹ̀rọ fún ìsinmi ọ̀sán, á fi ọwọ́ kan jẹun, á fi èkejì ṣí i.

Kò mú ẹgbẹ́ ńlá. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló mú, ní líìgì tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ẹgbẹ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ gidi ti sá lọ tán. Géèmù náà fún un ní àwọn mìíràn tí kò mọ̀ rí, àwọn olórúkọ àgbélẹ̀rọ. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí ni n ó máa pariwo lé lórí?" Ló bá pa orúkọ wọn rẹ́, ó fi orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé rọ́pò.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Kóòṣì.

Nínú géèmù náà, gbogbo nǹkan tó wà lára èèyàn ló ní nọ́ńbà. Ìsáré ní nọ́ńbà, agbára ní nọ́ńbà, ìgboyà pàápàá ní tirẹ̀. Ogún ló ga jù. Kóòṣì fi ojú ara rẹ̀ wo olúkúlùkù, ó fún wọn ní ohun tó tọ́ sí wọn.

"Kóòṣì, kí lèyí?" Kọ́kọ́rọ́ ló ń sọ̀rọ̀, bàbá tó ń ṣọ́ géètì. "Ìsáré mi ló jẹ́ mẹ́rin?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Láti géètì dé ilé ìtọ̀, ẹ máa ń dúró mí lọ́nà."

"Mò ń ronú ni!"

"Kí lẹ̀ ń rò nílé ìtọ̀?" Ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ló fi ìyẹn kún un. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Abẹ́rẹ́, tó ń rán ẹ̀yìn ìwé, ni Kóòṣì fi ṣọ́ ojú góòlù. Obìnrin náà káwọ́ lérí.

"Èmi, abiyamọ? Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Kò sóhun tó ń bọ́ lọ́wọ́ yín."

"Ọkọ mi nìkan ló bọ́," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí, ó sì padà sídìí òwú rẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ bá gbá, wọn á yí kọ̀ǹpútà ká láti mọ ẹni tó jẹ góòlù. Ẹ́ńjìnnì á máa fẹ̀ láàárín ilé bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lóòótọ́. Èèyàn tí ọ̀gá kì í kí láàárọ̀ a máa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú èsì. Ẹ má fojú kéré ìyẹn.

Ọ̀bẹ náà wà nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn lápá òsì ni Kóòṣì máa ń fi í sí, kì í fi í sápá ọ̀tún láé. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ ìdí rẹ̀.

Ojú ọ̀tún Ọ̀bẹ ti ń kú lọ. Eruku ìwé ni o, iná tó wà lókè ẹ̀rọ náà ni o, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Láràárọ̀, Kóòṣì á rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà kọjá bí ẹni ń lọ kí àbúrò ìyá rẹ̀, á fi ojú wọn etí ìwé, á sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó ti gún, Bọ̀ọ̀dá." Tàbí kó ní, "Ẹ tì í díẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń gbé e ró nìyẹn, ọmọ àti bàbá.

Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé náà ṣàìsàn, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló wá jókòó sí àyè rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré, kò sì ju Kóòṣì lọ ní ọjọ́ orí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá wọn nídìí géèmù, gbogbo wọn fọ́n ká bí ẹyẹ. Kóòṣì ń wá ibi tí yóò ti pa géèmù náà.

"Má pa á," ni Ọ̀gá Kékeré wí. Ó fa àga. "Ipò kelòó la wà?"

Ẹ gbọ́ "la wà" yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni Kóòṣì ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Kékeré mọ géèmù náà dunjú. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń jókòó ti Kóòṣì lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó ń gbé omi tútù bọ̀ fún un. Ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn.

"Wò ó, ojú tí o fi ń wo èèyàn yìí, ẹ̀bùn ni. Kò yẹ kí irú ẹ máa to ojú ìwé. Ọ̀gá iṣẹ́ ló yẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ tí Kóòṣì ti gboyè, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ó ní ohun kan tó yẹ ẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Ó tún gbé e padà wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ wọn fìdí rẹmi. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wọlé bá wọn. Ọ̀gá Kékeré fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Ọ̀bẹ ló gbọ́n jù lẹ́yìn. Kí ló dé tí o ò fi sún un sápá ọ̀tún?"

Ọkàn Kóòṣì wà lórí pápá. Ó fèsì kó tó mọ̀ pé òun ti fèsì.

"Rárá o, sà. Ojú ọ̀tún wọn ò ríran."

Ọ̀gá Kékeré rọra yíjú sí i.

"Nínú géèmù ni, àbí níbí?"

"Nínú géèmù náà ni, sà."

"Géèmù kì í sọ ti ojú."

"Àwàdà ni, sà."

"Ó dáa." Ọ̀gá Kékeré mu omi. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa gbá a lọ."

Ẹnu òrofó ló ń pa òrofó. Ti Kóòṣì, àbúrò ìyá rẹ̀ ló pa. Kò sọ fún Ọ̀bẹ nígbà tó délé. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́. Ó ní wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, Bọ̀ọ̀dá ń rẹ́rìn-ín, òun kò fẹ́ ba oúnjẹ jẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn alákòóso ẹgbẹ́ inú géèmù ní kí wọ́n dín agbábọ́ọ̀lù kù, ẹgbẹ́ ti wúwo jù. Ọ̀gá Kékeré fa àga mọ́ ọn gan-an.

"Àwọn mẹ́ta ló ń lọ. Ìwọ ni kóòṣì. Ta ni?"

Ara Kóòṣì sọ fún un. Ó jẹ́wọ́ èyí fún mi, ó sì ní kí n má fò ó: ara òun sọ fún òun. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ nílé ìtẹ̀wé pé iṣẹ́ ń dín kù. Ó mọ̀ pé ìbéèrè náà ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bá fi èèyàn ṣe ọlọ́gbọ́n, ó nira láti kọ̀ ọ́.

"Kọ́kọ́rọ́," ló wí. "Wọ́n ti dàgbà."

"Mo fara mọ́ ọn. Ìyá Abẹ́rẹ́ tó ń ṣọ́ ojú góòlù wa ńkọ́? Kí ló dé tí kì í sí níbi ìdánrawò nígbà míì?"

"Ọmọ wọn ló ń ṣàìsàn, sà. Wọ́n máa ń yọ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ́ńjìnnì ló ń bá wọn di àyè wọn mú."

Kò sí ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú géèmù náà. Kò sí ọsibítù. Àwọn méjèèjì ló mọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́.

"Ẹnì kan ló kù," ni Ọ̀gá Kékeré wí.

"Mo ń rò ó, sà."

"O ti mọ̀ ọ́n."

"Mi ò lè ta Bọ̀ọ̀dá mi, sà."

Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín. "Kóòṣì tòótọ́ kì í ní ẹbí lórí pápá. Ibi tí n ó ti mọ̀ bóyá o lè ṣe ọ̀gá iṣẹ́ nìyí."

Kóòṣì náà rẹ́rìn-ín. Ó ní géèmù ṣáà ni. Ìka rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnnì tó fi ta Ọ̀bẹ. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kọ́kọ́rọ́, o ò tíì palẹ̀ mọ́?" ni Ẹ́ńjìnnì ń ké. "Wọ́n ti tà ẹ́!"

"Jẹ́ kí wọ́n tà mí síbi tí àga wà," ni Kọ́kọ́rọ́ dá a lóhùn.

Ọ̀bẹ nu ọwọ́, ó wá dúró lẹ́yìn Kóòṣì.

"Ìwọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o tà mí? Ta ló rà mí?"

"Kò tíì sẹ́ni tó rà yín, Bọ̀ọ̀dá."

"Wọn ò mọ ọjà ni."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi pe Kọ́kọ́rọ́ sí ọ́fíìsì. Nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ti gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ náà sí. Wọ́n pe Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e.

Obìnrin náà kò sunkún. Ìdí kọ̀ǹpútà ló gbà lọ tààrà.

"Kóòṣì, ta ló sọ fún Ọ̀gá Kékeré pé mo ń gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù?"

Kóòṣì wo ilẹ̀.

"Mo ní ta ni? Ó sọ fún mi pé èmi kì í sí níbi ìdánrawò. Kí ló ń jẹ́ ìdánrawò nínú ìwé rírán?"

Ẹ́ńjìnnì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń wo ọ̀kan wo èkejì, ó ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé. "Àwọn tó tà ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Bó ṣe tò wọ́n náà ni. Àwọn tó tà ni wọ́n ń pè."

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀bẹ.

Kóòṣì sáré wọ ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí kò jù ú lọ.

"Sà, ọ̀rọ̀ ojú yẹn, irọ́ ni mo pa. Bọ̀ọ̀dá ríran dáadáa. Ẹ dá wọn sí, sà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Irọ́ ni?" Ọ̀gá Kékeré dìde. "Ó yẹ kó o ti sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní nira láti mọ̀."

Bí kò bá sọ̀rọ̀, bóyá wọn ìbá pe Ọ̀bẹ wọlé jẹ́jẹ́ bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Kékeré jáde síta gbangba, ó dúró níwájú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Bàbá, ẹ bá mi fi ọwọ́ bo ojú òsì yín."

Ọ̀bẹ wo Kóòṣì. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè, ó bo ojú òsì.

Kàlẹ́ńdà tí ilé ìtẹ̀wé náà tẹ̀ ló wà lára ògiri lódìkejì, ó ṣí sí oṣù kẹrin tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré rìn lọ síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì ṣí ewé rẹ̀ dé èyí tó kẹ́yìn. Gbogbo ilé rí i, àfi ẹni kan.

"Oṣù wo lẹ rí?"

"Oṣù kẹrin ni, sà," ni Ọ̀bẹ wí láìṣiyèméjì. Ó tún fi ẹ̀rín sí i. "Èmi ni mo gé e. Àbí ẹ ti tẹ oṣù tuntun?"

Oṣù kejìlá ló wà níbẹ̀, àwọ̀ pupa, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kóòṣì la ẹnu. Orúkọ lásán ìbá tó, kó kàn pè é, "Bọ̀ọ̀dá!" kí ọkùnrin náà mọ̀ pé nǹkan wọ́. Kò pè é.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sọ fún Ọ̀bẹ. Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó fi ojú tó kù fún un wo ògiri.

"Ìgbà wo lo sọ fún un?" Kò tilẹ̀ yíjú sí Kóòṣì.

"Bọ̀ọ̀dá, nínú géèmù ni mo ti..."

"Mi ò bi ọ́ níbi tí o ti sọ ọ́. Ìgbà wo ni?"

"Ó... ó ti ṣe díẹ̀."

"Láti ìgbà yẹn, o ṣì ń kọjá lára ẹ̀rọ mi láàárọ̀, ò ń sọ fún mi pé ó ti gún."

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó lọ.

Kóòṣì pariwo pé òun náà ń lọ. Ọ̀gá Kékeré béèrè ibi tó ń lọ. "Láti òní, ọ̀gá iṣẹ́ ni ẹ́. Ìwọ lo yan wọ́n. Èmi kàn fara mọ́ ọn ni."

Mo ní kí ẹ jọ̀ọ́ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n ṣe ń wẹ ọwọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n fi iná burúkú pa ojú èèyàn, wọ́n á wá lé e nítorí pé kò ríran, wọ́n á sì wá ọmọ rẹ̀ tí yóò gbé ẹ̀bi náà rù. Ohun tí Kóòṣì sì ní kí n sọ fún yín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kò pọ̀: ó ní kò sẹ́ni tó lè fi nọ́ńbà pín èèyàn bí kò bá rí ẹni tó mọ èèyàn náà tí yóò ka nọ́ńbà náà fún un.

Nílé, àǹtí rẹ̀, ìyàwó Ọ̀bẹ, bu oúnjẹ fún un bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èyí ló dùn ún jù. Ó bá Ọ̀bẹ lórí ibùsùn, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti fiṣẹ́ náà sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n lẹ́jọ́."

"Kí n wá sọ kí ni fún adájọ́? Pé mò ń ríran, tàbí pé mi ò ríran?"

Kóòṣì jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Bó o bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò gbọ́ bùkátà ilé yìí? Èmi?" Ọ̀bẹ kọjú sí ògiri. "Padà síbẹ̀ lọ́la. Má sì jẹ́ kí wọ́n bá ọ wí pé o pẹ́."

Ó padà. Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?

Wọ́n ti gbé tábìlì rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn gíláàsì, níbi tó ti ń rí gbogbo ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tuntun kan ló ń gé ìwé. Nígbà tí ọ̀sán tó, kò sẹ́ni tó wá béèrè ẹni tó jẹ góòlù. Ọ̀gá Kékeré nìkan ló wọlé, ó fa àga.

"Líìgì tí a gòkè sí yìí le, Kóòṣì. A ṣì wúwo. Ta ló kàn?"

"Ẹ tà mí, sà."

"Wọn kì í ta kóòṣì." Ọ̀gá Kékeré ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣí omi tútù. "Kóòṣì, lílé ni wọ́n ń lé e. Ó yá, ta ni?"

Kóòṣì gbójú sókè. Lódìkejì gíláàsì, Ẹ́ńjìnnì dìrọ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ikọ́ ń fà á tu, ó di àyà mú. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì nàró ṣánṣán, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó sì gbé ikọ́ náà mì.